Aràn tí ń Ba Iṣu Jẹ́ láti inú Ilẹ̀

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì péjọ sí àgbàlá kọ̀ǹténà Lilypond, ní ọ̀nà Apapa níhìn-ín ní Èkó, láti rí iṣu ilẹ̀ wa bí ó ti ń lọ sí òkè òkun. Olóyè Audu Ogbeh, tí í ṣe Mínísítà fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní ìgbà náà, ni ó ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò náà. Iṣu tọ́ọ̀nù 72 ni a kéde pé yóò lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Inú àwọn àgbẹ̀ dùn, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè tí ń wa iṣu tó Nàìjíríà. Èyí tí a ń wa níhìn-ín ju ìdajì gbogbo iṣu ayé lọ. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ìròyìn dé pé nínú iṣu tí ó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, èyí tí ó ti jẹrà kò kéré.

Àwọn kan wí pé ó pẹ́ jù lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn wí pé afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹténà ni kò dára. Òtítọ́ ni pé ooru àti ìdádúró lè ba iṣu tí ara rẹ̀ le pàápàá jẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ ọ̀nà Apapa ní àwọn ọdún wọnnì, bí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tò tẹ̀lé ara wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́ kí wọ́n tó wọ èbúté, yóò gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún àgbẹ̀. Iṣu tí ó bá ti ní àrùn lábẹ́ èèpo kí ó tó kúrò lóko, kò sí ọkọ̀ tí ó lè gbà á là, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ tí inú rẹ̀ tutù bí yìnyín. Àrùn náà, àti ẹ̀dá kékeré tí ń fà á, ni a fẹ́ ṣàlàyé nínú ojú ìwé yìí.

Àwa tí a ń gbé Ajegunle kì í ṣe àgbẹ̀ iṣu, ṣùgbọ́n a mọ àrùn náà nínú ilé ìdáná. Ní ìgbà kan ìyàwó mi ra iṣu mẹ́ta ní ọjà Boundary. Wọ́n gbó, wọ́n sì wúwo lọ́wọ́. Kò sí ọgbẹ́ kan lára wọn, bí kò ṣe pé èèpo ọ̀kan sán díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bẹ èyí èkínní, ó rí àmì tí ó pọ́n rúsúrúsú, tí ó sì dúdú ní ibòmíràn, tí ó yí iṣu náà ká lábẹ́ èèpo gẹ́gẹ́ bí òrùka. Àárín iṣu náà sì funfun. Ó ń bẹ ẹ́, ó ń gé e, títí ohun tí ó kù sínú ìkòkò kò fi tó ohun tí a dà nù. Ní ọjọ́ kejì a padà lọ bá obìnrin tí ó tà á. Obìnrin náà kò jà, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Tíṣà. Bí ẹ ti rà á lọ́wọ́ mi ni èmi náà ṣe rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń fi lọ́rì kó o wá. Ta ni ó ń rí inú iṣu kí ó tó bẹ ẹ́?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, mo sì padà sílé láìsọ nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó lè rí inú iṣu ni àgbẹ̀, bí ó bá mọ ohun tí yóò wò àti ìgbà tí yóò wò ó.

Ẹ̀dá tí ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí jẹ́ irú aràn kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i nínú ilẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju fọ́nrán òwú lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ekòló ni à ń wí. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni ekòló, kí a má ṣe pa á. Kí a má sì ṣe rò pé irú aràn tí ń gbé inú ọmọdé ni. Aràn iṣu kì í gbé inú ènìyàn, iná ìdáná sì ń pa á. Ẹni tí ó bá gé apá tí ó bàjẹ́ kúrò, tí ó sì se èyí tí ó funfun, kò jẹ ohun búburú kankan. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Scutellonema bradys. Aràn iṣu ni àwa yóò máa pè é.

Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ méjì, Steiner àti LeHew, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé, inú iṣu tí ó ti erékùṣù Jamaica wá ni wọ́n sì ti rí i. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Iṣu funfun tiwa kì í ṣe ohun ọ̀gbìn àbáláyé ní Jamaica. Àwọn ọkọ̀ tí ó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú ni ó gbé e kọjá òkun. Lónìí a ń rí aràn náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àwọn erékùṣù Karibíànì, ní Brazil, àní ní Íńdíà pẹ̀lú. Ẹ̀dá tí ó ṣòro fún láti rin ju mítà kan lọ nínú ilẹ̀ láàárín ọdún kan ni ó rin ìrìn àjò yìí! Kì í ṣe agbára òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e dé ibẹ̀. Inú iṣu ni ó jókòó sí, ènìyàn sì ru ú. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú ti mọ ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Ohun mímú kan wà ní ẹnu aràn náà, tí ó ṣófo nínú gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ oníṣègùn. Ó ń fi gún ara iṣu, ó sì ń fa omi inú rẹ̀ mu. Ibi tí ó bá ti mu tán a kú; a kọ́kọ́ pọ́n bí omi ẹyin, lẹ́yìn náà a di dúdú. Láti ìgbà tí iṣu ti wà ní kékeré nínú ebè ni ó ti ń wọ inú rẹ̀, ó ń gba ibi tí ara iṣu ṣì rọ̀, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, àti ibi tí èèpo bá ti sán. Kì í jìnnà sí èèpo. Inú ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì ni ó ń gbé, ìdí nìyí tí àárín iṣu fi ń funfun nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kú. Ibẹ̀ náà ni ó ń yé ẹyin sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyin ti di aràn tí òun náà ń yé ẹyin.

Bí a bá wa iṣu tán tí a sì kó o sínú àká, a rò pé ewu ti kọjá, ṣùgbọ́n aràn kò bá ilẹ̀ jókòó sí oko. Ó bá iṣu wá sílé. Ó ń jẹ, ó ń pọ̀ sí i ní gbogbo oṣù tí iṣu fi wà ní ìpamọ́. Omi ara iṣu ń gbẹ, iṣu ń fúyẹ́, èèpo rẹ̀ ń sán. Nígbà náà ni àwọn ohun mìíràn tí ojú kò rí, irú èyí tí ń mú oúnjẹ hu àti irú èyí tí ń mú ẹran rà, ń gba ojú ihò tí aràn ti lu wọlé. Ohun tí ó jẹ́ gbígbẹ tẹ́lẹ̀ a di rírọ̀, a máa ṣe omi, a sì máa rùn. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ ń rí i, ó sì ń wí pé òjò ni ó ba iṣu òun jẹ́, tàbí pé afẹ́fẹ́ kò wọ àká dáadáa. Kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí láti oko.

Ohun tí ó mú kí aràn yìí burú ju ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ ni pé kì í fi ara hàn lórí ilẹ̀. Tata a jẹ ewé, a rí i. Ọ̀kẹ́rẹ́ a gbẹ́ ilẹ̀, a rí ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé iṣu tí aràn ń jẹ ìdí rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ títí di ọjọ́ tí a óò wa á.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń dáko ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn. Fún ọdún mẹ́rin ni ó fi ń ráhùn pé ilẹ̀ òun ti gbó. “Àbúrò,” ni ó wí fún mi, “ebè tí ó ti ń fún mi ní iṣu tí mo ń gbé lé èjìká, òun ni ó ń fún mi ní ohun tí kò tó apá ọmọdé yìí.” Ó ti pinnu láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sì yáwó gba òmíràn. Nígbà tí mo lọ kí i ní ìsinmi ọdún Kérésìmesì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi èbù tí ó fẹ́ gbìn hàn mí. Mo mú mẹ́wàá nínú wọn, mo fi ẹnu ọ̀bẹ ha èèpo wọn ní ibi mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́fà ní àmì pípọ́n lábẹ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó. Kí ẹ tó bá ilẹ̀ wí, ohun tí ẹ ń fi sínú ilẹ̀ nìyí.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó yí èbù kan síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ní, “Ó ha lè jẹ́ pé èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi gbìn ín?”

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹ wo bí a ti ń ṣe. Iṣu tí ó tóbi jù lọ, ọjà ni a ń gbé e lọ. Èyí tí ó tẹ̀lé e, àlejò àti ilé ni a fi ń bọ́. Èyí tí ó kéré, tí ó wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà, òun ni a ń fi pamọ́ fún èbù. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí ó kéré? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àrùn ni. Ọdọọdún ni a ń ta èyí tí ó sàn jù, tí a sì ń gbin èyí tí ó ṣàìsàn jù, lẹ́yìn náà a wí pé ilẹ̀ ti gbó. Ilẹ̀ lè gbó lóòótọ́, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ ha èèpo èbù rẹ̀ wò ná kí ó tó yáwó.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe àyẹ̀wò kò le. Kí a fọ ìdọ̀tí kúrò lára èbù, kí a fi èékánná tàbí ẹnu ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ní orí, ní àárín, àti ní ìdí. Bí ara rẹ̀ bá funfun tàbí bí ó bá ní àwọ̀ tí irú iṣu bẹ́ẹ̀ máa ń ní, ó dára. Bí a bá rí ojú ibi tí ó pọ́n, tàbí ìlà tí ó dúdú, kí a yà á sọ́tọ̀ fún jíjẹ. Bí a bá rí kókó kéékèèké lára èèpo bí ẹni pé iṣu náà ní ìléróro, irú aràn mìíràn ni ó ṣe é, èyí tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Òun náà kò yẹ fún gbígbìn.

Kí ni ẹni tí gbogbo èbù rẹ̀ ti kó àrùn yóò ṣe? Omi gbígbóná wà fún un. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí a bá rẹ iṣu sínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 50 sí 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 40, aràn tí ó wà lábẹ́ èèpo yóò kú, ojú iṣu kò sì ní kú. Omi gbígbóná ń ṣe èyí nítorí pé aràn kò jìnnà sí èèpo. Ṣùgbọ́n ààyè àṣìṣe kò gbòòrò. Bí omi bá tutù jù, aràn yóò yè. Bí ó bá gbóná jù, iṣu ni a sè, kò sì ní hù mọ́. Nítorí náà mo gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe é níyànjú pé kí ó ra òṣùwọ̀n ooru tí a ń pè ní tẹmọ́mítà, kí àwọn àgbẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà dá owó jọ rà á bí ọ̀kan kò bá lè dá a rà. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìka ọwọ́.

Bí a óò ti ṣe é nìyí. Ẹ yan èbù tí ó kéré tí a kò tíì gé, tí kò ní ọgbẹ́, tí kò sì tíì hù. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára wọn. Ẹ da omi híhó ìkòkò kan mọ́ omi tútù ìkòkò méjì tí ó bá a dọ́gba nínú àgbá ńlá. Ooru rẹ̀ yóò súnmọ́ 50. Ẹ fi tẹmọ́mítà wò ó, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ kó èbù sínú agbọ̀n tàbí àpò tí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ rì í sínú omi náà kí omi bò ó mọ́lẹ̀. Èbù tútù yóò fa ooru omi sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa bu omi híhó sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó pọ̀, kí apá kan má baà gbóná ju apá kejì lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ da omi híhó lé èbù lórí tààrà. Nígbà tí ìṣẹ́jú 40 bá pé, ẹ gbé e jáde, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji kí ó gbẹ. Ẹ má ṣe dá a padà sínú àká tí iṣu aláràn wà.

Àgbẹ̀ tí ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ebè yóò wí pé igi ìdáná ibo ni yóò tó èyí. Òtítọ́ ni ó sọ, n kò sì ní kí ó fi omi gbígbóná wẹ gbogbo èbù rẹ̀. Kí ó wẹ ọgọ́rùn-ún péré. Kí ó gbìn wọ́n sí ilẹ̀ tí a kò gbin iṣu sí fún ọdún mélòó kan, kí ó jìnnà díẹ̀ sí oko ńlá, kí ó sì fi àwọn ìyẹn ṣe ìyá èbù. Ohun tí ó bá wa níbẹ̀ kì í ṣe fún ọjà. Èbù ọdún tí ń bọ̀ ni. Nípa báyìí, nínú ọdún mẹ́ta oko ńlá náà lè di mímọ́. Ọ̀nà kan tún wà láti mú èbù mímọ́ pọ̀ kíákíá. Àwọn onímọ̀ ní Ilé Ìwádìí Ohun Ọ̀gbìn Oní-gbòǹgbò ní Umudike, pẹ̀lú àwọn ti IITA ní Ibadan, ti fi hàn pé iṣu kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni a lè gé sí wẹ́wẹ́, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò wúwo ju gíráàmù 25 sí 100 lọ, bí èèpo bá ti wà lára rẹ̀. Kí a fi eérú pa ojú ibi tí a gé, kí a jẹ́ kí ó gbẹ ní ibòji, kí a sì gbìn ín. Iṣu kékeré ni yóò ta, ṣùgbọ́n èbù tí kò lábàwọ́n ni iṣu kékeré náà.

Èbù mímọ́ tí a gbìn sínú ilẹ̀ aláràn kò ní pẹ́ di aláràn. Ilẹ̀ pẹ̀lú ní láti sinmi. Àwọn baba wa a máa fi oko sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ebi a sì pa aràn iṣu títí iye rẹ̀ a fi dín kù. Nísinsìnyí tí ilẹ̀ kò tó, ohun tí ó kù ni kí a máa pààrọ̀ ohun ọ̀gbìn. Aràn iṣu kò fẹ́ràn àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ó lè gbé inú gbòǹgbò ẹ̀wà àti ilá, nítorí náà ẹni tí ó bá fi ẹ̀wà tẹ̀lé iṣu, tí ó tún fi iṣu tẹ̀lé ẹ̀wà, ń bọ́ aràn ni. Ìgbẹ́ màlúù pẹ̀lú ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Adesiyan àti Adeniji, tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn lórí aràn iṣu ní ilẹ̀ wa jáde ní ọdún 1976, rí i pé ebè tí a po ìgbẹ́ màlúù mọ́ kí a tó gbin iṣu sí i ní aràn tí ó dín kù, iṣu rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá wà ní àdúgbò àwọn Fúlàní darandaran kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí i.

Mo fẹ́ padà sí Ajegunle, nítorí àwọn ìyá tí ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìn ilé àti sí etí odò. Aràn tiwọn kì í ṣe aràn iṣu. Ìbátan rẹ̀ ni, Meloidogyne ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀, òun kan náà sì ni ó ń mú kókó jáde lára iṣu. Òun ni mo ń pè ní aràn gbòǹgbò. Ní ọdún 1855 ni Berkeley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lórí gbòǹgbò kùkúḿbà. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ oníyanrìn, irú èyí tí ó pọ̀ ní Èkó, ó sì fẹ́ràn ewédú, ṣọkọ, ilá àti tòmátò. Abo rẹ̀ a wọ inú gbòǹgbò, a jókòó sí ojú kan, a sì yé ẹyin tí ó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Gbòǹgbò a wú, a dì ní kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, kò sì ní lè fa omi mọ́. Bí ẹ bá rí ewédú tí ó rọ lọ́sàn-án gangan bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù, ẹ fà á tu pẹ̀lú ìṣọ́ra kí ẹ wo ìdí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣe àṣìṣe lórí ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Gbòǹgbò wọn a máa ní kókó tí ó dára, tí ń fún ilẹ̀ ní ọ̀rá. Kókó rere a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, ìka lè fọ́n ọn kúrò, inú rẹ̀ a sì pọ́n. Kókó aràn kò ṣeé fọ́n kúrò, nítorí pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni ó wú.

Lórí ebè ẹ̀fọ́ kékeré, iṣẹ́ kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ti ká ẹ̀fọ́ tán, ẹ má ṣe fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Ẹ hú u, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ sun ún. Ní oṣù tí oòrùn ń mú, ẹ bu omi rin ilẹ̀ náà, ẹ fi nylon tí ó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ooru tí ó bá kó sí abẹ́ rẹ̀ yóò pa púpọ̀ nínú aràn náà. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa àti ewé dóńgóyárò tí a gún pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dára pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó tóbi díẹ̀ lè gbin ìbátan wèrèpè, irú èyí tí kì í yún ni lára, fún sáà kan. Ó ń dín aràn gbòǹgbò kù, ó sì ń fi ọ̀rá sínú ilẹ̀. Ní ti tòmátò, ẹ wo ara páálí irúgbìn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà VFN, N náà dúró fún aràn yìí, ó túmọ̀ sí pé irú tòmátò bẹ́ẹ̀ lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru inú ilẹ̀ bá ju ìwọ̀n 28 lọ, agbára ìkọ̀sílẹ̀ náà a máa rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ Èkó sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà kí ẹ má ṣe gbójú lé páálí nìkan. Ohun kan tí mo ti rí pẹ̀lú ojú ara mi ni pé àwọn ìyá ń da èèpo iṣu sórí ebè ẹ̀fọ́ kí ó lè di ajílẹ̀. Nínú èèpo ni aràn ń gbé! Ẹ fi fún ewúrẹ́, tàbí kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ kí ẹ sì sun ún.

Àwọn kan yóò béèrè oògùn tí a lè dà sí ilẹ̀. Ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ májèlé fún ènìyàn. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń lo ọ̀kan tí ń jẹ́ DBCP, wọ́n sì yìn ín gidigidi. Ní ọdún 1977 ni a rí i ní California pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ń pò ó ní ilé iṣẹ́ kò lè bímọ mọ́. Ìjọba wọn fi òfin dè é. Kí ẹni tí ń tà á ní ìgò tí kò ní ìwé lára má ṣe rí owó yín gbà.

Àwọn onímọ̀ kò dákẹ́. Ní IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ibadan ní ọdún 1967, wọ́n mú iṣu dàgbà nínú afẹ́fẹ́ ní ọdún 2013: gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú àpótí tí ó ṣókùnkùn, a sì ń fọ́n omi oúnjẹ sí i. Níbi tí kò sí ilẹ̀, aràn ilẹ̀ kò lè dé. Ní Benin, aládùúgbò wa, àwọn ti IITA pẹ̀lú àwọn yunifásítì Abomey-Calavi àti North Carolina dán pépà tí a fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe wò. Wọ́n fi oògùn abamectin díẹ̀ kíún sí i, wọ́n sì fi wé èbù kí wọ́n tó gbìn ín. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé iṣu pọ̀ sí i, èyí tí ó sì bàjẹ́ ní ìpamọ́ dín kù.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ní pépà, kò sì ní àpótí. Ó ra tẹmọ́mítà, ó sì wẹ ọgọ́rùn-ún èbù ní àgbàlá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń dá iná, èmi ń ka ìṣẹ́jú. Ó gbìn wọ́n sí ibi tí ó ti gbin àgbàdo sí fún ọdún méjì. Nígbà tí ó fẹ́ wa wọ́n, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ọ̀bẹ ha ogún nínú iṣu náà ní ojú mi. Méjì ni ó ní àmì. Àwọn méjìdínlógún ni ó tò sórí pẹpẹ igi ní ibòji, lọ́tọ̀ sí iṣu jíjẹ, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọn kọjá. Méjì náà ni a sè jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà.